Ẹ Bi Ìyá Ọ̀gá: Ẹ Wá Tíṣà Kí Ẹ Tó Wá Bíríkìlà

Lóṣù tó kọjá, mo mẹ́nu ba ẹgbẹ́ aláàánú kékeré tí èmi àti àwọn tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi tó ti fẹ̀yìn tì dá sílẹ̀, tí a fi ń kọ́ kíláàsì fún àwọn ọmọ oko ní Ìbàràpá àti Òkè-Ògùn. Gbólóhùn díẹ̀ ni mo sọ níbẹ̀, ẹ wá da lẹ́tà bò mí! Torí náà, ọ̀rọ̀ ilé-ìwé abúlé nìkan la ó sọ lónìí. Ẹni tó ń bèèrè nípa owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ àti ìyá tí ọmọ rẹ̀ kórìíra ìṣirò, ẹ fún mi láyè di oṣù tó ń bọ̀.

Ìyá Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́. Ọmọ abúlé kan lẹ́yìn Ìṣẹ́yìn ni mí, Manchester ni mo ń gbé. Àwa ọmọ abúlé náà tó wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń dá owó jọ, ó sì ti tó èyí tí a lè fi kọ́ ilé-ìwé oníkíláàsì mẹ́fà pẹ̀lú ọ́fíìsì. Àbúrò mi tó jẹ́ agbaṣẹ́ṣe ti ya àwòrán ilé náà. A fẹ́ ṣí i nígbà Kérésì tí gbogbo wa máa wálé. Kí ló yẹ ká kọ́kọ́ ṣe? — Ọmọ Òkè-Ògùn, Manchester

Ẹ kú ìrántí ilé. Ohun tí ẹ óò kọ́kọ́ ṣe ni kí ẹ yọ Kérésì kúrò nínú ètò yín. Oṣù kẹsàn-án ni àwọn ọmọ ń wọlé. Ẹ bi ara yín pé lọ́jọ́ Ajé àkọ́kọ́ nínú táàmù, nígbà tí gbogbo yín bá ti padà sí Manchester, ta ni yóò di ṣọ́ọ̀kì mú níwájú àwọn ọmọ wọ̀nyẹn? Bí ẹ kò bá lè dárúkọ onítọ̀hún, owó ilé lẹ ní lọ́wọ́, ẹ kò tíì ní owó ilé-ìwé.

Bí ọ̀rọ̀ tíṣà ṣe rí nìyí. SUBEB, ìyẹn àjọ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti ìpínlẹ̀, ló ń gba tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ síṣẹ́. Ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ ní ìjọba ìbílẹ̀, níbi tí ES, ìyẹn akọ̀wé ètò ẹ̀kọ́, jókòó sí, ló ń pín wọn káàkiri. Ilé-ìwé tí kò bá sí nínú ìwé SUBEB, ojúlówó bíríkì ni kí wọ́n fi kọ́ ọ, kò ní rí tíṣà ìjọba gbà. Torí náà, kí ẹ tó ra ẹyọ búlọ́ọ̀kù kan, kí aṣojú yín nílé tọ ES lọ. Kó mú lẹ́tà lọ, kó sì gba lẹ́tà bọ̀. "Ẹ kọ́ ọ ná, a máa rán tíṣà wá" kì í ṣe lẹ́tà. Kí wọ́n kọ iye tíṣà tí wọ́n máa fún yín sílẹ̀, kí wọ́n kọ ọ́ pé àwọn tíṣà náà ní NCE, ìyẹn ìwé-ẹ̀rí iṣẹ́ tíṣà, kí wọ́n kọ ìgbà tí wọ́n máa bẹ̀rẹ̀. Bí wọn kò bá fẹ́ kọ ọ́, ẹ ti mọ ohun tí wọ́n ní lọ́kàn nìyẹn, kọ́bọ̀ yín ò sì tíì jáde.

Lẹ́yìn náà, ẹ ka orí àwọn ọmọ. Ìlànà ẹ̀kọ́ ìjọba ní kí ọmọ tí tíṣà kan ń kọ́ ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ má ju 35 lọ. Abúlé tó ní 60 ọmọ kò nílò kíláàsì mẹ́fà. Mẹ́ta tó o, kí tíṣà kan máa kọ́ kíláàsì méjì pọ̀ bí àwa ṣe ṣe é nígbà tiwa. Ẹ má sì ka ọmọ onílé nìkan. Àwọn ọmọ Fúlàní wà nínú gáà, àwọn ọmọ lébìrà tó wá láti Kútọnu àti láti ilẹ̀ Tiv wà nínú ahéré, baálẹ̀ kò sì ní kà wọ́n mọ́ ọn bí ẹ kò bá bèèrè. Ọdún 1989 ni ìjọba àpapọ̀ ti dá àjọ tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àwọn darandaran sílẹ̀, síbẹ̀ mo mọ gáà kan tí ẹ lè rí láti orí títì, tí kò sí ọmọ kan níbẹ̀ tó tíì di gègé mú rí.

Ẹ rìn ín pẹ̀lú. Ẹsẹ̀ ni mo wí, ẹ má gbé mọ́tò. Abúlé kan pè wá, wọ́n ní ilé-ìwé ni àwọn ń fẹ́. A débẹ̀, a rí i pé ilé-ìwé ìjọba wà ní abúlé kejì, kò jìnnà, tíṣà sì wà níbẹ̀ tí ń jókòó lásán. Kí ló dé tí àwọn ọmọ kò lọ? Odò kékeré kan tó ń ṣàn lọ sínú Òfíkì ló wà láàárín. Bí òjò bá ti mú dáadáa, ó ń bo ọmọ ọdún méje mọ́lẹ̀. Afárá ẹlẹ́sẹ̀ la bá wọn ṣe, ó sì ju kíláàsì lọ fún wọn. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ wa kò tíì dárí jì wá dòní, torí kò síbi tí wọn yóò kọ orúkọ olóore sí lára afárá.

Ilẹ̀ tún ńkọ́? Baálẹ̀ yóò ní òun ti fún yín, òtítọ́ ọkàn ni yóò sì fi sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ kì í ṣe ti baálẹ̀, ti ẹbí ni. Kí mọ́gàjí ẹbí tó ni ín fọwọ́ sí ìwé, kí àwọn àgbà ẹbí fọwọ́ sí i lọ́kùnrin lóbìnrin, kí ọ̀dọ́ kan tó mọ̀wé nínú wọn náà sì fọwọ́ sí i. Kí awọnlẹ̀ wọ̀n ọ́n, kí ẹ mú gbogbo rẹ̀ lọ sí ìjọba ìbílẹ̀, torí abẹ́ wọn ni òfin ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ ìgbèríko sí. Ẹ má ṣe fojú kéré ọ̀dọ́ tí mo ní kó fọwọ́ sí i yẹn. Àwọn àgbà lè ti kú nígbà tí ilẹ̀ bá gbówó lórí, ọmọ wọn ló máa fi okùn yí pápá bọ́ọ̀lù ká.

Bí ẹ bá ní kí n bá yín ná owó yín: kíláàsì mẹ́ta, kànga, ṣáláńgá méjì, kí ti obìnrin dá dúró, kó ní ilẹ̀kùn tó ń tì látinú, torí ọmọbìnrin tó ti ń ṣe nǹkan oṣù kò ní wá sí ilé-ìwé tí kò ní ibi ìkọ̀kọ̀. Ẹ fi ilé oníyàrá méjì fún tíṣà kún un. Kí ìyókù dùbúlẹ̀ sí báńkì fún àtúnṣe. Bí ọmọ bá pọ̀ sí i lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ẹ kọ́ mẹ́ta kún un.

Nípa àbúrò yín, mi ò mọ̀ ọ́n, mi ò sì pè é lólè. Ṣùgbọ́n ẹni tó ya àwòrán, tó gbé iṣẹ́, tó tún ń gba owó, kò yẹ kó jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo, pàápàá tó bá jẹ́ ọmọ ìyá ẹni. Ta ni yóò bi í léèrè rìsíìtì? Ìyá yín?

Ìyá wa, mo kí yín. Àgbẹ̀ kòkó ni mí lẹ́yìn Ìdànrè. Ẹgbẹ́ kan kọ́ ilé-ìwé tó dára fún wa, wọ́n kùn ún, wọ́n ya fọ́tò pẹ̀lú àwọn ọmọ wa, wọ́n lọ. Tíṣà mẹ́ta ni ìjọba fún wa. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀ nìkan là ń rí wọn. Ẹ̀rù ń bà wá pé bí a bá fẹjọ́ sùn, wọ́n á kó wọn lọ pátápátá. — Bàbá Àgbẹ̀

Ẹ ǹlẹ́ o, Bàbá. Ìbẹ̀rù yín kò ṣàjèjì sí mi. Abúlé tó pariwo lè pàdánù tíṣà, abúlé tó dákẹ́ náà sì ti ń pàdánù rẹ̀ lọ́jọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gba ẹjọ́ tiwọn rò. Mo fura pé Àkúrẹ́ tàbí Oǹdó ni wọ́n ń gbé. Mọ́tò kan, ọ̀kadà kan, bí òjò bá sì ti ba ọ̀nà jẹ́, ẹsẹ̀. Ẹ ṣírò owó ọkọ̀ ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, kí ẹ wá fi wé owó oṣù tíṣà. Ọjọ́ méjì yẹn, ìṣirò ni wọ́n fi mú un. Mi ò ní ó dáa. Mo ní owó ọkọ̀ wà nínú ohun tí ẹ ń bá jà, kì í ṣe ìmẹ́lẹ́ nìkan.

Torí náà, yàrá ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Láyé UPE, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ìjọba ológun bẹ̀rẹ̀ ní 1976, wọ́n gbé mi lọ sí abà kan lẹ́yìn Ìgànná. Ọmọdébìnrin ni mí nígbà náà, mo ti di ẹrù mi láti sá. Ìyàwó baálẹ̀ ló mú mi wọ yàrá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀, kò gba owó lọ́wọ́ mi. Ọkọ rẹ̀ fún mi ní ebè díẹ̀ tí mo gbin ẹ̀gẹ́ sí. Bí wọ́n bá wa iṣu, wọ́n á gbé tèmi wá. Ẹ tún sọ fún mi bí mo ṣe fẹ́ pa ọjọ́ Ajé jẹ, nígbà tó jẹ́ pé ìyá àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ ló ń kan ilẹ̀kùn mi láàárọ̀ pé, "Tíṣà, ṣé ara le?" Ẹ pe ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta yẹn, èyí tí kò tíì ní ẹbí púpọ̀ lọ́rùn, ẹ fi yàrá lọ̀ ọ́ láti ọjọ́ Ajé sí ọjọ́ Ẹtì. Bí ọ̀kan bá gbà, ojú á ti àwọn tó kù díẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí ìwé kan tó jẹ́ tiyín, kì í ṣe rẹ́jísítà hẹ́dìmásítà. Kí ẹnì kan tó máa ń wà nítòsí lójoojúmọ́ máa kọ ọ́. Obìnrin tó ń ta ẹ̀wà fún àwọn ọmọ yẹ fún un bó bá mọ̀wé kọ. Ọjọ́, orúkọ tíṣà, aago tó dé, aago tó lọ. Kó má kọ èébú sí i. Lẹ́yìn táàmù kan, kí ìgbìmọ̀ SBMC yín, ìyẹn àwọn òbí àti àgbà tí ìlànà ìjọba ní kí wọ́n máa bójú tó ilé-ìwé, mú un lọ bá hẹ́dìmásítà nílé rẹ̀ nírọ̀lẹ́. Ẹ má ṣe é níwájú ọmọ. Bí nǹkan kò bá yí padà, ES ló kàn. ES tó bá gbọ́ pé "wọn kì í wá" yóò ní òun ti gbọ́. Ṣùgbọ́n bó bá rí ojú ìwé tó kún fún ọjọ́ àti aago, yóò mọ̀ pé ìwé yẹn lè dé SUBEB ní Àkúrẹ́ láìsí òun níbẹ̀.

Èyí tó máa pẹ́ jù ni èyí tí mo fẹ́ràn jù. Ẹ wo inú àwọn ọmọ yín tó ti jáde ìwé mẹ́wàá, ẹ mú ọ̀kan tó fẹ́ràn ọmọdé, kí abúlé rán an lọ gba NCE. Ọdún mẹ́ta ni, Oǹdó kò sì jìnnà sí yín. Owó kòkó àpò díẹ̀ lọ́dọọdún láti ọ̀dọ̀ gbogbo abúlé yóò ṣe é. Kó fọwọ́ sí i pé òun á padà wá. Ẹ kọ̀wé sí ẹgbẹ́ tó ya fọ́tò lọ yẹn náà, kí wọ́n wá gbé lára owó yìí. Ó ṣeé ṣe kí ẹnikẹ́ni má tíì sọ fún wọn pé ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀ ni ilé-ìwé wọn ń ṣí.

Ìyá Ọ̀gá, ẹ má bínú sí ọ̀rọ̀ mi. Ẹ kọ ọ́ lóṣù tó kọjá pé ẹgbẹ́ yín kì í kọ́ ilé-ìwé fún abúlé tí kò bá fi nǹkan kún un, ì báà jẹ́ iyanrìn. Àwọn tí kò rí owó ra iyọ̀ ni ẹ ní kí wọ́n ru iyanrìn! Ṣé kì í ṣe òfin ló ní ọ̀fẹ́ ni ẹ̀kọ́? — Arábìnrin kan, Ìbàdàn

Ẹ jàre. Òfin UBE, ìyẹn òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ, ti 2004 sọ ọ́ kedere: ọdún mẹ́sàn-án, ọ̀fẹ́, dandan. Ó tilẹ̀ ní ìyà fún òbí tó bá pa ọmọ mọ́lé. Ìkìlọ̀ ni lákọ̀ọ́kọ́. Bó bá tún ṣe é, ₦2,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù kan, tàbí méjèèjì. (Èmi kò tíì bá òbí kan pàdé tí wọ́n fi òfin yẹn mú.) Lábẹ́ òfin yìí, owó wà lọ́wọ́ UBEC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ẹ̀kọ́ yìí, fún ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ tó bá fẹ́ gbà á gbọ́dọ̀ gbé owó tirẹ̀ kalẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni owó àwọn ìpínlẹ̀ kan fi jókòó sí Àbújá torí wọn kò gbé tiwọn sílẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá ní ẹ̀tọ́ ni, èmi náà ní ẹ̀tọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́fà kò ní dúró lójú kan kí ìjọba fi ṣe tán.

Kì í ṣe pé iyanrìn wọ́n wa la fi ń ní kí wọ́n rù ú. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn àwọn ìbátan wa kan fún yín. Ní àwọn ìpínlẹ̀ apá gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, lẹ́yìn tí oko ẹrú parí, àwọn ìjọba ibẹ̀ ń gba owó orí lọ́wọ́ aláwọ̀ dúdú, ilé-ìwé aláwọ̀ funfun ni wọ́n sì ń ná èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sí. Booker T. Washington, tí wọ́n bí sínú ẹrú, tó wá di olórí ilé-ẹ̀kọ́ Tuskegee ní Alabama, lọ bá Julius Rosenwald, ọmọ Júù oníṣòwò ní Chicago tó jẹ́ ọ̀gá ilé-iṣẹ́ Sears, Roebuck. Ilé-ìwé mẹ́fà ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ní 1912 ní agbègbè Tuskegee. Nígbà tó fi máa di 1932, ó ti kù díẹ̀ kí ilé-ìwé náà pé 5,000 ní ìpínlẹ̀ 15, ilé tíṣà tó lé ní 200 sì wà pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ ṣàkíyèsí ilé tíṣà yẹn o, ẹ̀yin ará Manchester.

Rosenwald kì í san gbogbo owó. Ó ní kí ìjọba ibẹ̀ dá tirẹ̀, kí àwọn ará oko dá tiwọn. Wọ́n ya ilẹ̀ owú sọ́tọ̀ fún ilé-ìwé, wọ́n ta adìẹ, wọ́n se oúnjẹ tà, wọ́n gé igi nínú igbó, àwọn fúnra wọn ló sì kọ́ èyí tó pọ̀ níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n ro owó náà pọ̀, nǹkan bíi mílíọ̀nù 4.7 dọ́là ni àwọn aláwọ̀ dúdú dá, ti Rosenwald jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù 4.3. Olówó Chicago ni gbogbo ayé ń dárúkọ, àwọn tó ń ṣa owú ni wọ́n dá jù ú lọ. Irú ilé-ìwé yẹn ni John Lewis lọ, ẹni tó bá Martin Luther King jà fún ẹ̀tọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú, tó sì pẹ́ nílé aṣòfin Amẹ́ríkà.

Ẹ óò ní ìrẹ́jẹ ni, torí wọ́n ti san owó orí kí wọ́n tó tún wá dá owó. Ìrẹ́jẹ ni. Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó tẹ̀ lé e: lónìí, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé náà tó ṣì dúró, àwọn tó jáde níbẹ̀ àti ọmọ wọn ló ń tún un ṣe. Níbí náà, nígbà tí ìjọba Awólọ́wọ̀ ń palẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ mọ́, owó orí tí wọ́n fi kún un bí àwọn èèyàn nínú débi pé NCNC, ẹgbẹ́ òṣèlú alátakò, ló borí ní Ìwọ̀-Oòrùn nínú ìdìbò àpapọ̀ ti 1954. Síbẹ̀ nígbà tí January 1955 dé, àwọn tó ń kùn yẹn ló po ẹrẹ̀, tí wọ́n já koríko òrùlé. Ọmọ tó wà nílé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti nǹkan bí 457,000 fò sí nǹkan bí 811,000 láàárín ọdún kan. Ìjọba nìkan kò lè dá kíláàsì tó gba gbogbo wọn kọ́.

Bí àwa ṣe ń ṣe é nìyí, kí ọkàn yín lè balẹ̀. A kì í gba owó lọ́wọ́ abúlé. Ọ̀wẹ̀ là ń bẹ̀, lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tí kì í ṣe ọjọ́ ọjà, lẹ́yìn ìkórè. Àwọn tó lágbára á ru iyanrìn àti omi, àwọn kan á se oúnjẹ. Opó, aláìsàn àti arúgbó kò sí nínú rẹ̀. Bíríkìlà àti káfíńtà abúlé náà, a máa ń san owó iṣẹ́ wọn pé, torí iṣẹ́ òòjọ́ wọn nìyẹn. A kì í sì lé ọmọ ẹnikẹ́ni torí bàbá rẹ̀ kò wá sí ọ̀wẹ̀. Abúlé kan wà tí wọn kò jẹ́ ká ṣe èyí, ẹnì kan tó fẹ́ díje fún káńsẹ́lọ̀ ló fi owó tirẹ̀ kọ́ ilé-ìwé wọn láti ìpìlẹ̀ dé òrùlé. Nígbà tí ìdìbò kọjá tí kò wọlé, ilẹ̀kùn kan yọ. Wọ́n ránṣẹ́ sí i pé ilẹ̀kùn rẹ̀ ti yọ o. Ìgbà tí mo kọjá níbẹ̀ gbẹ̀yìn, ewúrẹ́ ló ń sùn ní kíláàsì kejì.

Ìyá, ẹnì kan ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lórí WhatsApp pé kí á dá owó sí ilé-ìwé àwọn ọmọ òrukàn ní abúlé kan. Fọ́tò ọmọ ń pani lẹ́kún. Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ bóyá òótọ́ ni? — Olójú Àánú, Abẹ́òkúta

Ẹ nu ojú yín nù ná. Ẹgbẹ́ tó ń gba owó lọ́wọ́ gbogbo ayé yẹ kó ní ìwé CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Incorporated Trustees, ìyẹn ẹgbẹ́ tí kì í ṣe torí èrè. Ẹ wá orúkọ rẹ̀ lórí ìkànnì CAC. Ó tún yẹ kó forúkọ sílẹ̀ pẹ̀lú SCUML, ẹ̀ka tó ń ṣọ́ owó àìmọ́, tó wà lábẹ́ EFCC. Bí àkáǹtì tí wọ́n ní kí ẹ san owó sí bá ń jẹ́ orúkọ èèyàn, tí kì í ṣe orúkọ ẹgbẹ́, ẹ má san án. Ẹ wá bèèrè orúkọ abúlé náà àti ìjọba ìbílẹ̀ tó wà. Gbájú-ẹ̀ kì í fẹ́ dárúkọ ibi tí ọ̀kadà lè gbé èèyàn dé.

Ìyá mi, mo kí yín lórí ìkúnlẹ̀. Ọ̀dọ́ bíríkìlà ni mí ní Ṣakí. Ẹgbẹ́ kan fẹ́ kí n bá wọn kọ́ kíláàsì méjì ní abà kan. Èyí tí ẹlòmíràn kọ́ fún wọn tẹ́lẹ̀ ń gbóná bí ààrò, ìjì sì ti ṣí òrùlé rẹ̀. Kí ni kí n ṣe tí tèmi ò fi ní rí bẹ́ẹ̀? — Bíríkìlà, Ṣakí

Dìde, ọmọ mi. O káre tí o bèèrè kí o tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mi ò kọ́ṣẹ́ bíríkìlà, ṣùgbọ́n mo ti fi ọdún púpọ̀ làágùn nínú kíláàsì burúkú.

Jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ tó gùn nínú ilé náà kọjú sí àríwá àti gúúsù, ibẹ̀ ni kí o la fèrèsé sí, kí fèrèsé kọjú sí fèrèsé kí atẹ́gùn lè gba àárín kọjá. Ògiri kúkúrú méjèèjì, èyí tó kọjú sí ibi tí oòrùn ti ń yọ àti ibi tó ń wọ̀ sí, má la nǹkan kan sí i. Àwọn ilé-ìwé Rosenwald tí mo sọ lókè, ìlà-oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn gan-an ni wọ́n kọ fèrèsé ńláńlá wọn sí, torí wọn kò ní iná, ìmọ́lẹ̀ ni wọ́n ń wá. Ní Ṣakí, oòrùn kọ́ là ń wá. Jẹ́ kí páànù yọ sóde dáadáa kó lè ṣíji bo fèrèsé. Bí owó bá wà, fi àjà sí abẹ́ páànù. Ooru nìkan kọ́ ló ń dí. Bí òjò bá ń rọ̀ sórí páànù tí kò ní àjà, tíṣà á kàn máa la ẹnu lásán ni, ọmọ ò ní gbọ́ nǹkan kan.

Ìjì ìbẹ̀rẹ̀ òjò, ní oṣù kẹta àti ìkẹrin, ìlà-oòrùn ló sábà máa ń ti wá. Abẹ́ páànù ló ń gbà wọlé. Má kan igi òrùlé mọ́ búlọ́ọ̀kù lásán. Da kọnkéré yí orí ògiri ká, ri irin sínú rẹ̀ kó tó gan, kí o fi irin yẹn de igi òrùlé. Ẹgbẹ́ náà á ní irin ti wọ́n jù. Ní kí wọ́n lọ wo òrùlé ti àkọ́kọ́ nínú oko ẹ̀gẹ́.

Kí o sì bá mi bi wọ́n: ta ni yóò máa tún un ṣe? Ilé-ìwé orí omi tí Kúnlé Adéyẹmí yà fún Mákòókò, ní Èkó, parí ní 2013, gbogbo ayé ló wá ya fọ́tò rẹ̀. Irú rẹ̀ kejì tí wọ́n gbé lọ sí Venice gba ẹ̀bùn ní 2016. Ní oṣù kẹfà ọdún yẹn kan náà, òjò ńlá kan rọ̀ ní Èkó, ti Mákòókò wó lulẹ̀. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, wọ́n ti kó àwọn ọmọ kúrò níbẹ̀ ṣáájú. Ilé tìrẹ kò ní wà lórí omi, ṣùgbọ́n ikán wà ní Ṣakí. Kí wọ́n kọ orúkọ ẹni tó máa wo igi òrùlé yẹn lọ́dọọdún sílẹ̀ kí o tó gba àsansílẹ̀.

Ìyá Ọ̀gá, àwa obìnrin ìjọ wa ní Peckham ti kó ìwé ọmọdé jọ, páálí rẹpẹtẹ. Ṣé ẹ óò gbà á fún àwọn ilé-ìwé yín? — Ìyá Ìjọ, London

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin ìyá. Ẹ má fi ránṣẹ́.

Mo mọ̀ pé ó ń dun èèyàn láti gbọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tó wà ní kíláàsì kejì ní abà wa kò tíì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kò sì rí yìnyín rí. Ìwé tó ń sọ ìtàn ọmọ tó ń fi yìnyín ṣeré kò ní kọ́ ọ ní kíkà. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ fún odindi ọdún mẹ́fà, wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ lọ, wọn kò sì rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá.

Ẹ ta ìwé yẹn níbẹ̀, lẹ́yìn ìsìn. Ẹ fi owó rẹ̀ kún owó tí ẹ bá fẹ́ fi kó ẹrù wá, kí ẹ rán ẹnì kan lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn òǹtẹ̀wé ní Ìbàdàn. Kó ra ìwé kíkà Yorùbá, ẹ̀dà 30 ìwé kan náà, kó má ra ìwé 30 ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí gbogbo kíláàsì lè ṣí ojú ìwé kan náà lẹ́ẹ̀kan. Kó ra àpótí onírin tó ní kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n máa kó o sí, torí èkúté. Bí páálí yín bá ti wọ ọkọ̀ ojú omi kí lẹ́tà mi tó dé, ẹ kọ̀wé sí mi kíá, kí a tó gbọ́ iye tí wọ́n máa pè fún yín ní Àpápá.